Bí mo ṣe palẹ̀ àwọn kíláàsì onígbà díẹ̀ mọ́ nínú ìdánwò Python

Ìdánwò kan ń yege bí a bá dá a ṣe, ó sì ń kùnà bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kíláàsì òbí kan wà níbẹ̀, `Exporter`, tó ń fi `__init_subclass__` (iṣẹ́ tí Python máa ń pè fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá dá kíláàsì ọmọ) kọ gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú dict kan tó ń jẹ́ `registry`. Iye ohun tó wà nínú dict yìí ni ìdánwò náà ń kà. Àwọn ìdánwò tó ṣáájú rẹ̀ ti fi `type()` dá kíláàsì tiwọn, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ tẹ `Exporter.__subclasses__()` jáde lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Àwọn orúkọ tó yẹ kó ti parẹ́ ṣì tò síbẹ̀. Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. `registry` di kíláàsì náà mú gidi: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú dict, kò lè kúrò ní mẹ́mọ́rì. `__subclasses__()` ní tirẹ̀ kàn mọ ibi tó wà ni, weakref ló ń lò (ìtọ́ka tí kì í dí ohun lọ́wọ́ láti kúrò ní mẹ́mọ́rì), kò dì í mú. Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ yọ ọ́ nínú dict, orúkọ rẹ̀ ṣì lè máa jáde, nítorí pé kíláàsì a máa di ara rẹ̀ mú: `__mro__` rẹ̀ (àtò àwọn kíláàsì tí Python ń tẹ̀ lé láti wá attribute) jẹ́ tuple tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iye ohun tó ń tọ́ka sí i kò lè já sí òdo láé. `del` nìkan kò tó, àfi kí gc (ohun tí Python fi ń kó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò ní mẹ́mọ́rì) kọjá.

Fixture (function tí pytest, irinṣẹ́ ìdánwò Python, fi ń pèsè ohun tí ìdánwò nílò, tó sì ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀) tí mo fi sínú `conftest.py` nìyí:

```python
@pytest.fixture
def make_exporter():
    saved = dict(registry)
    with pytest.MonkeyPatch.context() as mp:
        def make(name, module=None, **attrs):
            cls = type(name, (Exporter,), attrs)
            if module:
                cls.__module__ = module.__name__
                mp.setattr(module, name, cls, raising=False)
            return cls
        yield make
    registry.clear()
    registry.update(saved)
    gc.collect()
```

Má ṣe kọ `registry = saved` níparí. Fáìlì tó bá ti fi `from ... import registry` gba dict náà yóò ṣì máa wo ti àtijọ́. Inú dict kan náà ni kí o ti ṣe àtúnṣe.

Apá `module` wà fún pickle, ohun tí Python fi ń sọ object di bytes láti tọ́jú rẹ̀. Orúkọ module àti orúkọ kíláàsì ni pickle fi ń wá kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ohun tí `type()` bá dá ń gba `__module__` lọ́wọ́ fáìlì tó pè é, ìyẹn `conftest` níbí. Bí pickle bá wá a débẹ̀ tí kò rí i, àṣìṣe ni yóò gbé jáde.

Kí ló dé tí n kò lo fixture `monkeypatch` tó ti wà nílẹ̀, èyí tó ń yí nǹkan padà fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń dá a padà lẹ́yìn ìdánwò? Láti ẹ̀yìn wá síwájú ni pytest ń tú fixture ká. Bí `make_exporter` bá béèrè `monkeypatch`, `monkeypatch` ni yóò tú kẹ́yìn. Nígbà tí `gc.collect()` bá ń ṣiṣẹ́, module náà ṣì di kíláàsì náà mú, gc yóò sì fò ó. Pẹ̀lú `with`, a ti dá module padà sí bó ṣe wà kí gc tó dé. Ìdí kan náà ló fi yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún fixture mìíràn tó bá dá kíláàsì náà padà bí èsì: ọwọ́ pytest ni èsì yẹn máa wà títí gbogbo ìtúká yóò fi parí.

Bí kíláàsì kan bá kọ̀ tí kò lọ, `gc.get_referrers(cls)` ni kí o bi, yóò fi àwọn ohun tó ń tọ́ka sí i hàn ọ́. Tuple `__mro__` àti àwọn descriptor rẹ̀ yóò jáde, ti ara rẹ̀ nìwọ̀nyẹn, fò wọ́n. Dict, list tàbí frame (ibi tí function ń kó àwọn variable rẹ̀ sí) tó jẹ́ àjèjì ni kí o wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí `functools.singledispatch`, tó ń yan function tí yóò ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí irú argument àkọ́kọ́: ohun tí a bá fi `register` kọ síbẹ̀, ó dì í mú pinpin, kò sì sí ọ̀nà tí a là sílẹ̀ láti yọ ọ́. Nínú ìdánwò, dá function tuntun fún un.

`@dataclass(slots=True)`, tó wọlé ní Python 3.10, tún yàtọ̀. Kíláàsì tuntun pátápátá ló ń dá rọ́pò èyí tí o kọ, nítorí náà `__init_subclass__` yóò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ kan náà yóò sì jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú `__subclasses__()` títí gc yóò fi kó ti àkọ́kọ́. Bí registry rẹ bá ń kọ̀ láti gba orúkọ tó ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti bú.

Má fi `autouse=True` sí fixture yìí, èyí tí yóò mú un ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìdánwò. Gbogbo ohun tí Python ń ṣọ́ ní mẹ́mọ́rì ni `gc.collect()` ń yẹ̀ wò, bí ìdánwò bá sì pọ̀, ìyẹn ń fa àkókò. Ìdánwò tó bá ń dá kíláàsì nìkan ni kó béèrè rẹ̀.

Láti mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, mo kọ ìdánwò kan lọ́tọ̀: dá kíláàsì, fi `weakref.ref` tọ́ka sí i, yọ ọ́ nínú registry, `del`, `gc.collect()`, kí o sì rí i pé `ref()` jẹ́ `None`. N kò fi àyẹ̀wò yìí sínú fixture, nítorí pé bí ìdánwò kan bá kùnà, traceback rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ibi tí àṣìṣe ti wáyé) ṣì di àwọn frame mú pẹ̀lú gbogbo kíláàsì inú wọn. Àṣìṣe kejì yóò wá bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.