Má fi òṣùwọ̀n ojú ogun yan ìbọn nínú BattleTech

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti BattleTech, eré ogun àwọn róbọ́ọ̀tì ràgàjì tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1984, machine gun ló máa ń kọ́kọ́ bí i nínú. Ilé mẹ́ta péré lórí pátákó eré ni ọta rẹ̀ ń dé. Ilé kan sì jẹ́ mítà 30, ìyẹn mítà 90 lápapọ̀. Á ní, “Irú ìbọn wo rèé? Ti sójà ayé yìí ń lọ ju kìlómítà kan lọ!” Kò purọ́. Ibi tó ti ń ṣìṣe ni pé ó máa fẹ́ tún un ṣe.

Má dán an wò o. Àwa ti dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ká jẹ́ kí gbogbo ìbọn máa lọ bí i ti ayé. Ilé 15 ni ìbú pátákó kan, 17 ni òòró rẹ̀, kò ju mítà 510 lọ. Bí gbogbo ìbọn ṣe ń ti etí kan dé etí kejì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Igbó tó wà láàárín pátákó, a ò dé ibẹ̀. A kàn ń ju dáìsì ṣáá bí ẹni ń ta ludo. Kúkúrú tí ìbọn kúrú yẹn ló ń lé èèyàn sáré, tó ń jẹ́ ká máa wá ẹ̀yìn ọ̀tá.

Àwọn oníṣirò náà ní tiwọn. Medium laser kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 1, ìpalára rẹ̀ jẹ́ 5. AC/20, ìbọn ńlá tó wà léjìká róbọ́ọ̀tì Hunchback, jẹ́ tọ́ọ̀nù 14 láìtíì ka ọta, ìpalára 20, àwọn méjèèjì ò sì kọjá ilé 9. Lésà mẹ́rin ṣe 20 náà, ní tọ́ọ̀nù 4! Ni wọ́n bá yọ ìbọn ńlá dà nù. Ìṣirò wọn pé, àmọ́ kálukú lésà ló ń wá ibi tó máa bà. Ojú kan ni 20 ti AC/20 ń bọ́ sí. Orí róbọ́ọ̀tì èyíkéyìí, irin òde 9 ló pọ̀ jù, ti inú 3. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ tí róbọ́ọ̀tì Awesome tọ́ọ̀nù 80 kan dúró síwájú mi láìfarapa rárá. Ìbọn bà á, mo ju dáìsì ibi tó bà: mẹ́fà, mẹ́fà. Orí ni! Ẹni tó ni ín ò tíì gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀ tó fi tán.

Ọ̀rọ̀ ọta ò gba àlàyé púpọ̀. Tọ́ọ̀nù kan ọta machine gun jẹ́ 200, o ò sì ní yin 20 títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìdajì tọ́ọ̀nù ti tó ọ. Locust, róbọ́ọ̀tì tọ́ọ̀nù 20 lásán-làsàn, ló ń gbé odindi tọ́ọ̀nù kiri. Bí wọ́n bá yìnbọn bá ibi tí ọta yẹn wà, ìpalára 400 ló máa bú gbàù nínú ikùn ẹ̀.