Bí Ṣéènsọ̀ọ̀ Bá Nọ́ọ̀kì, Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Písítìnì

Kì í ṣe gbogbo ṣéènsọ̀ọ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń gé igi) tí okùn rẹ̀ kò ṣeé fà ló ti nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé písítìnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà ẹ́ńjìnì, ti há mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ tú ilé okùn kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì. Bó bá yí, okùn tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ló há. Bí kò bá yí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún un yí. Bí epo bá tú jáde lójú ihò púlọ́ọ̀gì, tó sì wá yí wọ́ọ́rọ́, epo ló kún inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń torí ẹ̀ gba owó písítìnì lọ́wọ́ ènìyàn.

Bí kò bá ṣì yí, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ tú sálẹ́ńsà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ara písítìnì lẹ ń wò yẹn. Èyí tó dáa ṣì ń dán, ìlà tín-ín-rín sì yí i ká. Èyí tó ti nọ́ọ̀kì á ti họ láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ológbò ya á léèékánná.

Ibi tó ti họ ló máa sọ ohun tó pa á. Tó bá jẹ́ ìhà sálẹ́ńsà nìkan ló họ, ooru ni: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Tó bá họ yíká, tí ara rẹ̀ gbẹ táútáú, ẹnìkan da epo lásán tí kò ní òìlì sí i. Tó bá jẹ́ ìhà kábúrétọ̀ ló jẹ, tó ní àwọ̀ eérú, eruku ni. Mo máa ń rí èyí nígbà ọyẹ́ níbí ní Ìlọrin, tí fílítà afẹ́fẹ́ bá ti ya.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òìlì dáadáa. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní ibi tí à ń da òìlì sí lọ́tọ̀. Inú epo ló ti ń bá a rìn. (Òìlì tó ń lọ sára ṣéènì ní táńkì tirẹ̀, kò kan ẹ́ńjìnì.) Stihl, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣéènsọ̀ọ̀, ní kí a po mílílítà 20 òìlì tiwọn mọ́ lítà epo kan, kí ó sì jẹ́ 40 bí òìlì náà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 á wá gba 100 tàbí 200. Àwọn tó ń la pákó lọ́nà Òmù-Àrán á ní "ìdérí kan". Ìdérí ìgò wo? Ẹ ra síríńjì ńlá ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó tán. Òìlì mọ́tò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí sílíńdà bá kọ̀ tí kò yọ, ẹ da òìlì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, kó di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi igi lù ú jẹ́jẹ́. Sílíńdà kì í sábà bàjẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Aluminiọ́mù ara písítìnì ló yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi èékánná fà á. Bó bá ga sókè, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ni, ẹ fi sándípépà 400 tó tutù rọra ra á kúrò. Bí èékánná bá rì sínú kòtò, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Èmi kì í lò ó, torí ibi tí awọ líle inú sílíńdà bá ti bó, ásíìdì á jẹ aluminiọ́mù abẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbá kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin tó so mọ́ písítìnì lábẹ́) mú, kí ẹ fà á sókè-sódò. Bó bá ń mì, béárìn ti lọ, písítìnì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi písítìnì tuntun sí i, ẹ ki àkísà sẹ́nu ẹ́ńjìnì kí kìlíìpù tó ń di pín-ìn-nì písítìnì mú má bàa já sínú rẹ̀, ẹ má sì lo kìlíìpù àtijọ́. Ọfà orí písítìnì á kọjú sí sálẹ́ńsà. Ẹnu ríìnì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, á bọ́ sí ibi pín-ìn-nì kékeré inú kòtò rẹ̀. Ẹ fi òìlì pa gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó dé e, ẹ wo rọ́bà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti sílíńdà, òìlì-síìlì, páìpù epo àti fílítà inú táńkì. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí tí epo ti ń há.

Táńkì àkọ́kọ́, ẹ má fi gé ìrókò, ẹ má sì tẹ tirótù dé òpin fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ tirótù tí ẹ́ńjìnì ṣì ń han tí kò sọ̀kalẹ̀, ẹ pa á kíákíá: afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé níbì kan.