Bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fara pa, bí kóòṣì mi ṣe kọ́ mi

Kóòṣì tó kọ́ mi ní júdò ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, oṣù kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ wa ní ṣíṣubú kí wọ́n tó jẹ́ ká di ẹnikẹ́ni mú, inú bí mi nígbà yẹn o, àfi ìgbà tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Pànṣẹ́kẹ́ tí mo dìde láìní ju ìgbọ̀nwọ́ tó bó lásán.

Ẹ kọ́kọ́ lóṣòó lórí máàtì, ẹ má dán an wò lórí sìmẹ́ńtì láé. Ẹ fi àgbọ̀n lé àyà kí ẹ máa wo bẹ́líìtì yín, torí orí ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wá tẹ ẹ̀yìn kó rí roboto kí ẹ yí sẹ́yìn, bí ẹ̀yìn ṣe ń kanlẹ̀ kí ẹ fi apá méjèèjì gbá máàtì pàá! àtẹ́lẹwọ́ á dojú kọlẹ̀, kí ẹ sì mí síta. Ẹ má nawọ́ ti ilẹ̀ o, ọrùn ọwọ́ lè kán. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá máa ṣe é lóòró.

Títí dòní, tí ẹsẹ̀ mi bá yọ̀ ní bàlùwẹ̀, ohùn wọn ni mo ń gbọ́: "Àgbọ̀n!"