Kí wọ́n tó ka ìwé yín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ló gbà pé torí òun kò mọ èèyàn ńlá kankan ni wọn kò ṣe pe òun. Mímọ èèyàn wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo akọ̀wé tí wọ́n kó igba dósíyè, ìyẹn àkójọ ìwé àwọn tó ń béèrè iṣẹ́, síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó mú ogún péré lọ bá ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò tíì dé orí ẹ̀kọ́ tàbí ìrírí ẹnikẹ́ni tó ti ń yọ àwọn kan sọ́tọ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù kan kò pé. Orúkọ inú ìwé ẹ̀rí kò bá ti inú káàdì mu. Ìwé kan ti kọjá ọjọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíràn. Ẹni tó ni dósíyè wà nílé ní Kétu, ó ń retí ìpè tí kò ní dé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọwọ́ ẹni fúnra ẹni ni àtúnṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Nọ́ńbà àtijọ́ lórí CV

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ní Benin ti kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, tó di mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣáájú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, CV tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ṣì ń kiri títí di òní. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹ lọ bá ẹni tó ń tẹ ìwé lẹ́bàá ọjà Ouando, ó ṣí CV yín àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ọjọ́ òkè padà, ó fi iṣẹ́ tuntun kan kún un, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó wo nọ́ńbà. Agbanisíṣẹ́ á pè é lẹ́ẹ̀kan, kò ní wọlé, á sì kọjá sórí ẹlòmíràn. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti máa wá ẹyọ tó sọnù kiri.

Kí ẹ tó fi CV sílẹ̀, ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà lórí bébà gan-an, láìwo ti orí fóònù yín. Tí fóònù yín bá dún, ó ti dáa. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan kún un, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lè pè fún un. Ẹni tó gbé ìpè tó ní «Ta ni yẹn? Kò sí níbí o» ti ba nǹkan jẹ́ láìmọ̀. Ní ti ímeèlì, ẹ lo èyí tí ó jẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì máa ṣí i lójoojúmọ́. Ìmeèlì inagijẹ tí ẹ dá nígbà tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kò yẹ níbẹ̀.

Orúkọ kan, ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta

Èyí ni ìyọnu tiwa gan-an, àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè. Ọmọ kan ń jẹ́ Adéṣínà. Akọ̀wé ìwé ìbí ní Kétu kọ ọ́ ní Adéchina, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń kọ ṣ. Ó lọ ṣe ilé ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n kọ Adesina sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó padà wálé, ẹni tó tẹ CV rẹ̀ kọ Adeshina. Lójú wa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó ń yẹ dósíyè wò, ẹni mẹ́ta ni, ìwé ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣàbí tó di Chabi níbì kan, tó di Tchabi níbòmíràn ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti Ògúndélé tó di Ogoundélé. Àwọn kan tún ní ọjọ́ ìbí tó jẹ́ «né vers» (a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí) lórí ìwé kan, tó wá ní ọjọ́ àti oṣù pípé lórí èkejì.

Ẹ kó gbogbo ìwé yín kalẹ̀ sórí ẹní: ìwé ìbí, CIP (ìwé ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni) tàbí káàdì ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí gbogbo, àti ìwé iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ bá ní. Ẹ kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ tó wà lórí CIP ni kí ẹ lò lórí CV àti lórí lẹ́tà, pẹ̀lú orúkọ ìdílé ṣáájú bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Tí àṣìṣe bá wà lórí CIP nìkan, ANIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀, lẹ máa gbé e lọ. Tó bá jẹ́ orí ìwé ìbí ni, ó lè gba kí ẹ dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó lè ṣàtúnṣe rẹ̀, ìyẹn sì ń gba àkókò. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé tó ti pẹ́ ni ó yàtọ̀, ẹ béèrè ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lórí ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá kéde concours, ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti fi dósíyè sílẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó máa sáré torí yín.

Ohun kan náà ni fún ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ibi ní Benin máa béèrè équivalence, ìyẹn ìwé tó ń sọ ipò tí ìwé ẹ̀rí yẹn bá dọ́gba níbí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní ọjọ́ tó rí ìkéde ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ti casier judiciaire, ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá èèyàn lẹ́bi rí, wá yí padà díẹ̀: oṣù mẹ́ta péré ló ń lò, nítorí náà èyí tí ẹ bá gbà ní kùtùkùtù lè ti kú kí ọjọ́ tó pé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè béèrè rẹ̀ báyìí. Ẹ gbà á nígbà tí ìkéde bá jáde, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹ má sì fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí sínú dósíyè láéláé. Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí ní mairie ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé

Lẹ́tà kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ ogójì. Àṣìṣe tó burú jù nínú rẹ̀ ni kí orúkọ ilé-iṣẹ́ àná ṣì wà nínú lẹ́tà òní: ilé ìwòsàn kan gba lẹ́tà tó ń sọ bí olùkọ̀wé ṣe fẹ́ràn títa sìmẹ́ǹtì tó. Àní bí orúkọ bá tiẹ̀ tọ́, «dynamique, motivé, sérieux» (mo yá, mo nítara, mo ṣeé gbára lé) kò sọ ohunkóhun, torí pé ó wà nínú gbogbo lẹ́tà mìíràn tó wà lórí tábìlì náà.

Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti tó, kó má kọjá ojú ewé kan. Èkíní: iṣẹ́ wo lẹ ń béèrè, níbo lẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Èkejì: ohun méjì tí ẹ ti ṣe rí tó jọ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú iye. Dípò «mo ní ìrírí nínú ìṣirò owó», ẹ kọ pé ẹ ti ṣe ìwé owó ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan fún oṣù mẹ́jọ, pé ẹ máa ń pa owó tó wọlé àti ọjà tó jáde pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó bá ka ìyẹn mọ ohun tí ẹ lè ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀kẹta: ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ẹ ń gbé.

CV náà, ojú ewé kan ló dáa jù fún ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí orúkọ fáìlì jẹ́ orúkọ yín, kó má jẹ́ «CV nouveau 3 final». Èdè wà lára ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń fi sílẹ̀. Wọ́n á kọ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì dákẹ́ lórí Yorùbá, Gùn àti Fọ̀n, bí ẹni pé ìwọ̀nyẹn kì í ṣe èdè. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí oníbàárà ti ń wá láti Nàìjíríà, ẹni tó lè tajà ní Yorùbá, tó tún lè kọ ìwé owó ní Faransé, wúlò fún oníṣòwò ju ẹni tó mọ ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sọ èyí tí ẹ lè kà àti èyí tí ẹ ń sọ nìkan.

Fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àṣìṣe rẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo owó ló ń lọ sórí ayẹyẹ libération, ìyẹn ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́: aṣọ ẹbí, oúnjẹ, ohun tí ọ̀gá ní kó mú wá. Ìwé ọ̀gá dáa láàárín àwọn tó mọ ọ̀gá náà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn kò mọ̀ ọ́n. CQM, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá yege ìdánwò, ni wọ́n máa fẹ́ rí. Ẹ dín aṣọ kù, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún un.

Bí a ṣe ń sọ fún èèyàn pé a ń wáṣẹ́

Níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ, a máa ń gbọ́ ọ: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé mi o, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe.» Ẹ̀gbọ́n á ní «Mo gbọ́, àbúrò, a ó rí i ṣe.» Ó ti parí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n burú. Kò ní ohun tó lè gbé lọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ẹ wò ó bó ṣe yàtọ̀: «Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń wá, Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, mo lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti fi CV mi ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo lè lọ bá?» Èyí ni ẹ̀gbọ́n lè fi ránṣẹ́ síwájú ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan forúkọ sílẹ̀ ní ANPE, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọn kò padà débẹ̀ mọ́. Ìwé ẹ̀rí tuntun, nọ́ńbà tuntun, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lọ tún un ṣe. Àwọn mìíràn sì ń dúró de concours ìjọba nìkan, ọdún ń kọjá. Iṣẹ́ tó ní àkókò tirẹ̀ láàárín ọdún kò dúró dè wọ́n: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé ìrèké ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni káṣú ń pọ́n, nítorí náà ìparí òjò ni kí ẹ ti máa béèrè. Ẹni tó ń lọ sí agbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá ní Glo-Djigbé, kó ṣe ìṣirò kó tó di ẹrù: owó ilé níbẹ̀, owó ọkọ̀, oúnjẹ, kó yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù, kó wo ohun tó kù.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Kútọnu lé ní igba kìlómítà. Ẹ má gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ sùn sí Kútọnu. Láti Àjàṣẹ́, bíi ọgbọ̀n kìlómítà ni, ṣùgbọ́n sún kẹẹrẹ òwúrọ̀ lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

A tọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú. Ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ jókòó nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń dáhùn, ẹ wo ojú ẹni tó bi yín. Níbẹ̀, ẹni tó ń wo ilẹ̀ ni wọ́n máa ń rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Tí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ fẹ́ gbà, ẹ má ní «ohunkóhun tí ẹ bá fún mi». SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà, jẹ́ 52,000 FCFA láti ọdún 2023. Ẹ sọ iye méjì, èyí tó kéré àti èyí tó pọ̀ díẹ̀, tí ẹ ti ṣírò tẹ́lẹ̀.

Owó kí iṣẹ́ tó dé

«Ẹ kú oríire, wọ́n ti mú yín. Ẹ fi 25,000 fún frais de dossier (owó dósíyè) ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà MoMo yìí kí ọ̀sán tó pọ́n.» Kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ san owó oṣù fún yín kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Concours ìjọba lè ní owó ìforúkọsílẹ̀, àmọ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ sínú ìkéde ni ẹ máa gbà san án, pẹ̀lú rìsíìtì, kì í ṣe sórí nọ́ńbà ẹnì kan. Ìkánjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀. Ẹ má fi àwòrán CIP yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Àdéhùn ẹnu

Nígbà tí iṣẹ́ bá wá dé, ayọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn béèrè ìwé. Ẹ béèrè. Iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìparí, CDD, gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ: orúkọ iṣẹ́, owó oṣù, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Lórí bulletin de paie, ìwé owó oṣù yín, ẹ máa rí owó CNSS (àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́) tí wọ́n yọ, 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 52,000, ìyẹn jẹ́ 1,872 FCFA. Yíyọ owó náà kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti san án. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì CNSS, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kéde yín. Tí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kejì tí wọ́n ti ń yọ owó, ẹ mú bulletin méjèèjì dání lọ bá Inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí òfin iṣẹ́.