Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Sátẹ́láìtì Tọpa Eruku Ọyẹ́ àti Èéfín Iná Igbó Wọ Èkó

Tí ojú ọjọ́ bá rí bàìbàì lórí Third Mainland Bridge, tí Makoko ò hàn dáadáa mọ́, ẹ má tíì sọ pé ọyẹ́ ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ẹ ṣí Worldview, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì ti NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Fóònù lè gbé e, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò, ojú fóònù kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Bí dátà bá wọ́n, ẹ fi dátà òru ṣe é. Ẹ yan àwòrán VIIRS, ẹ fi MODIS sílẹ̀ (ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà lára sátẹ́láìtì ni méjèèjì): tirẹ̀ máa ń ní àlàfo lágbègbè wa, Èkó sì lè bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ sún máàpù sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí Èkó àti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad pọ̀, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ti ń gbéra.

Àwọ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Eruku ní àwọ̀ iyanrìn, ó sì máa ń tẹ́ lọ gbalasa. Èéfín rí bí eérú tó fẹ́ jọ búlúù, ojú ibi tóóró ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀. Àwọsánmà funfun, etí rẹ̀ sì hàn kedere. Èyí tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni ìtànṣán oòrùn tó ń kọ lójú òkun àti ọ̀sà: ó ń dán bíi fàdákà, wọ́n á ní èéfín ni. Ẹ wo àwòrán ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtànṣán máa ń na tààrà láti àríwá sí gúúsù, á sì sún síbòmíràn ní ọjọ́ kejì. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni èéfín ń bá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan àwọn àmì pupa tó ń fi iná hàn. Ẹ má ka ti Delta, Bayelsa àti Rivers mọ́ iná igbó o! Gáàsì tí wọ́n ń sun níbi ìwa epo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ yí ọjọ́ padà sí oṣù keje, nígbà tí òjò ti rẹ igbó: èyí tó bá ṣì ń jó kì í ṣe igbó. Àwọsánmà sì lè bo iná, nítorí náà àìsí àmì kò túmọ̀ sí pé kò sí iná.

Kí ẹ tó gbà pé eruku ni, ẹ lọ sí EUMETView, ìkànnì àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ ṣí Dust RGB, àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi eruku hàn, ti sátẹ́láìtì Meteosat. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 síra ni àwòrán rẹ̀, tọ̀sán-tòru, ẹ sì lè máa wò ó bó ṣe ń rìn. Eruku á yọ ní àwọ̀ píǹkì. Èéfín kì í yọ bẹ́ẹ̀. Bí eruku bá dé etíkun wa, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń pa àwọ̀ píǹkì náà rẹ́. Ẹ má sọ pé eruku ti lọ.

Òkè ni sátẹ́láìtì ti ń wò, eruku tàbí èéfín sì lè gba orí wa kọjá láì kan ilẹ̀. Ẹ wá METAR, ìròyìn ojú ọjọ́ tí pápákọ̀ òfuurufú ń kọ, ti Ìkẹjà; DNMM ni àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. DU ni eruku, FU ni èéfín, HZ ni bàìbàì lásán. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ afẹ́fẹ́ sí (èyí tó parí sí KT) ni iye mítà tí ojú ń rí dé. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi wákàtí kan kún un.