Bí ẹ̀yin ará ilé ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà l'Ékìtì tí oògùn olóró àbí àìsàn ọpọlọ bá ń bá ẹni yín jà

Ẹ̀yin tí igbó, colorado, tramadol àbí ògógóró ti gba ọmọ mọ́ lọ́wọ́, àbí ẹ ní ẹnì kan nílé tó ń bá ẹni tí ojú ò rí sọ̀rọ̀ lóru, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ o. Nígbà tí ti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ n'Íkọ̀lé, ọdún méjì la fi ń gbé e káàkiri, àdúrà lónìí, àgbo lọ́la, gbogbo èèyàn ló ń bèèrè bó ṣe ń ṣe, kò sẹ́ni tó bi màmá wa bóyá wọ́n tiẹ̀ rí oorun sùn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lọ́nà ọjà la tó mọ̀ pé BP wọn ti lọ sókè tipẹ́.

Ohun tó fi àkókò wa ṣòfò jù ni pé a ń dúró kí ó gbà láti lọ ọsibítù. Tó bá ní òun ò lọ, ẹ̀yin ẹ lọ. Ọsibítù EKSUTH tó wà l'Ádó àti Federal Teaching Hospital tó wà n'Ídòó, àwọn méjèèjì ní dókítà ọpọlọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ará ilé yín lẹ bá wá, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí kílíníìkì ọpọlọ máa ń wà fún yín. Ẹ bèèrè sóṣà wọ́kà pẹ̀lú, torí dókítà lè má ráyè gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sóṣà wọ́kà ni láti jókòó ti ará ilé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn olóró, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ lè pè fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí tó ń sùn, ohun tó ń mu, ohun tó ń sọ, oògùn àti àgbo tó ti lò, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ṣe irú ẹ̀ rí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn la fi pamọ́ torí ìtìjú, ó sì wà lára ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ jù. Ẹ kọ ìbéèrè tiyín náà sínú ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ máa gbàgbé.

Kì í ṣe pé ẹ kàn ń tú àṣírí yín fún àlejò lásán o. Lọ́dún 1954 tí Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé n'Árò l'Ábẹ́òkúta, ará ilé ló máa ń bá aláìsàn wá, tí wọ́n á jọ máa gbé láàrin ìlú. Wọ́n sì ṣe ìwádìí kan l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 1999, wọ́n mú 130 èèyàn tí ẹni wọn ń mu ọtí àmujù tí ò sì fẹ́ gba ìtọ́jú, wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn bí wọ́n ṣe máa yẹ́ ẹ sí tí kò bá mu, tí wọ́n á fà sẹ́yìn tó bá ti mu, àti bí wọ́n ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ láti dá ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sílẹ̀. Nínú 100 tí wọ́n bá kọ́ báyìí, bíi 64 ló mú ẹni tiwọn dé ibi ìtọ́jú. Torí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ọsibítù pé kí wọ́n kọ́ yín, ẹ má kàn gba oògùn kẹ́ ẹ máa lọ.

Nílé, ẹ má bá a jiyàn lórí ohùn tó ń gbọ́. Ẹ ní "mi ò gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ẹ́", ó tó. Ariwo àti èébú ojoojúmọ́ máa ń jẹ́ kí àìsàn yẹn tètè padà, èmi fúnra mi pariwo gan-an kí n tó mọ̀, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ má kówó sí i lọ́wọ́, ẹ ra oúnjẹ fún un. Ẹni tó ti ń mu ọtí láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́, ẹ má tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè gbé e, ó lè kú, ọsibítù ni kó ti jáwọ́. Tí ọrùn ẹ̀ bá lọ́ tàbí ahọ́n ẹ̀ le lẹ́yìn tó lo oògùn ọpọlọ bíi haloperidol, oògùn ló fà á, ẹ gbé e padà kíá, wọ́n ní ohun tó ń tú u. Ìgbà tí ti àbúrò mi lọ́, àwọn kan ní ẹ̀mí èṣù ni, a dá oògùn dúró, ó sì padà sí ìdí. Ẹ má dá a dúró torí pé ara ẹ̀ ti yá, àfi tí dókítà bá sọ.

Tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ kó Sniper, gamalin àti okùn kúrò nílé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ emájẹ́ńsì lóru yẹn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ẹ má gbà fún un, kódà kó jẹ́ àgbà ẹbí.

Ẹ wá pín iṣẹ́ náà o. Nílé wa báyìí, èmi ló ń bá a lọ kílíníìkì, ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ádó ló ń ra oògùn, ọjọ́ Sátidé sì jẹ́ ti màmá, wọ́n máa ń lọ ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lórí fóònù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbé aláìsàn yín lọ kílíníìkì, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wo BP ẹ̀yin náà.