Mo Gbé Ìwé Ìrántí Ọ̀gágun Kan Síwájú Ẹlẹ́rìí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìwé náà wá sílé wa ní Àjàṣẹ́. Erich von Manstein, ọ̀gágun Jámánì, ló kọ ọ́ ní 1955, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọmọ náà ní, "Tátà, ẹ wò ó, àwọn sójà ò lọ́wọ́ nínú pípa àwọn Júù. Hitler àtàwọn SS, ẹgbẹ́ ológun ti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi.

Mo fa ìlà sáàárín ojú ìwé. Lápá òsì, ohun tí ọ̀gágun sọ. Lápá ọ̀tún, ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ Nuremberg, níbi tí wọ́n ti dá àwọn aṣáájú Jámánì lẹ́jọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ Crimea, ilẹ̀ kan létí Òkun Dúdú, nìkan ni mo mú, níbi tó ti darí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kọkànlá láti oṣù Kẹsàn-án 1941.

Apá òsì tètè kún: ìbọn ńlá, òtútù, ìkọlù Sevastopol lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá. Ó mọ ìtàn í sọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Apá ọ̀tún ni ara mi ti bù máṣọ. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ó buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí sójà gbà pé ó tọ́ bí ìyà tó le bá jẹ àwọn Júù. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ ní 1946, ó ní òun ò rántí rẹ̀ rárá. Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n pa Júù tó lé ní 10,000 ní Simferopol. Ohlendorf, olórí àwọn apààyàn náà, jẹ́rìí pé àwọn ọ̀gá ológun ló ní kí wọ́n yára, torí pé ìyàn fẹ́ mú, ilé ò sì tó.

Torí ilé! Mo ka ìlà yẹn fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Hamburg dá ẹ̀wọ̀n ọdún 18 fún Manstein ní 1949. Ní 1953, ó ti jáde. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ìwé dé.

Mo sọ ti Chasselay fún un pẹ̀lú, lẹ́bàá Lyon, níbi tí sójà Jámánì ti yìnbọn pa àwọn sójà adúláwọ̀ tó ń jà fún Faransé, tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, ní oṣù Kẹfà 1940. Àwọn Faransé kó àwọn ọmọ Dahomey tiwa náà lọ ṣe sójà bíi tiwọn.

Mo wá bi í pé, "Kí ló wà lápá òsì, ní déédéé Simferopol?"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfìfo ni. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó ṣí ìwé ọ̀gágun, ó sì kọ ọ́ sétí ojú ìwé náà: Simferopol, oṣù Kejìlá 1941.